Káàdì Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Tukur-Tukur,
Zaria.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bùnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Màmá rẹ pè ọ́ lánàá pé kí o má tíì san owó kọ̀ǹpútà yẹn títí ìwé mi yóò fi tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé o béèrè ìdí rẹ̀, kò sì sọ. Èmi ni mo ní kó má sọ. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni nílé, ara wa le. Mo fi ìwé yìí rán awakọ̀ kan tó ń ná Abuja láti Kwangila. Má fún un ní kọ́bọ̀, mo ti san tirẹ̀.

A kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, a sì kí ọ kú ìfaradà ìlú tuntun. Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta kúnú gidi níbẹ̀, tàbí omi àti ṣúgà ni wọ́n ń dà fún yín mu.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ǹ bá ti sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkàn mi máa ń wà lára owó tó ń jó. O sọ fún mi pé o ti bá àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, pé wọ́n máa to tìrẹ jọ gẹ́gẹ́ bí o bá ṣe fẹ́ ẹ. O ní ìwọ àti Hauwa ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ padà sídìí eré orí kọ̀ǹpútà tí ẹ jọ ń ṣẹ̀dá. Inú mi dùn. Ìgbà náà lo wá rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, ẹ ó yìn mí o. Mo ti yọ káàdì àwòrán kúrò níbẹ̀, òun ló wọ́n jù. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ yín ni mí?"

Mo ní, "O káre láé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbà padà. Láti ọjọ́ Àìkú ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Lánàá, mo gé ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé kan kúrú jù, ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́. Màmá rẹ wò mí, ó ní, "Bàbá Bùnmi, ọmọ yẹn kò ní gùn padà sẹ́yìn o." Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, òun ló sì ní kí n jókòó kọ ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí o ṣì ń rákòrò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tí mo wà yìí ni. Olùkọ́ kan gbé aṣọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wá bá mi, ó sì fún mi ní owó làínì lọ́tọ̀, ìyẹn aṣọ tí a máa ń rán mọ́ inú kóòtù. Mo wo iṣẹ́ náà, mo bi ara mi pé, ta ló fẹ́ ṣí inú kóòtù ọkọ ìyàwó wò? Mo fi làínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn, mi ò fi nǹkan kan sí iwájú. Mi ò jí owó rẹ̀ o. Mo dá èyí tó kù padà fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo ṣe é lóore.

Mo lọ síbi ìgbéyàwó náà. Kí wọ́n tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù ti rọ wálẹ̀ lára ọkùnrin náà bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Kò bá mi wí. Ó kàn ń fi ọwọ́ fà á sókè léjìká, ó ń fà á, ó tún ń fà á, nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà. Kò gbé aṣọ wá fún mi mọ́ láéláé.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ojú kò rí ló ń gbé èyí tí ojú ń rí dúró. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní kí n yọ làínì kúrò kí owó lè dínkù, mo máa ń ní kó gbé aṣọ rẹ̀ máa lọ. O ti gbọ́ mi lẹ́nu títí ó fi sú ọ. Àṣé aṣọ nìkan ni mo mọ ẹ̀kọ́ náà mọ́.

Èyí tó kàn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí èmi ṣe rí i, torí apá kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò sọ fún ọ rí.

O wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí ìwọ àti Hauwa bẹ̀rẹ̀ eré orí kọ̀ǹpútà yẹn, nílé àwọn òbí rẹ̀ ní GRA, lórí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Eré àcàbà ni: àwọn ọlọ́kadà ń bá ara wọn sá eré láti Kwangila, wọ́n ń gba Sabon Gari kọjá, títí dé ẹnubodè ìlú àtijọ́. Hauwa ló ń ṣe ìṣirò inú rẹ̀, ìwọ lò ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí mo wá gbé ẹ̀wù ìyá Hauwa fún un. O ya ẹlẹ́ran tó ń fẹ́ iná, o ya ewúrẹ́ tó ń ro bóyá kí òun sọdá títì tàbí kí òun má sọdá. O ya ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rí ara mi níbẹ̀, kékeré báyìí, tí mò ń tẹ maṣíìnì, tí téèpù ń fò lọ́rùn mi bí ọkadà bá ti kọjá.

Mo ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyí?"

O rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ, mi ò sì sọ ọ́. Àṣìṣe kan nìyẹn náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Hauwa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, mo ṣèlérí pé màá ra tìrẹ fún ọ. O kọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé pélébé fún mi, o sì fa ìlà méjì sábẹ́ káàdì àwòrán. Mo mú un lọ sí káfé Ìdrís, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọlọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ra nǹkan. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, ó sọ iye rẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Kai! Ìdrís, ṣé mọ́tò ni mo fẹ́ rà ni?"

"Baba Tela, ẹ̀rọ eré nìyí o. Iye tí wọ́n ń tà á nìyẹn."

"Èwo ló wọ́n jù níbẹ̀?"

"Káàdì àwòrán."

"Yọ ọ́."

Ó yíjú padà wò mí. "Haba, Baba! Òun gan-an ni zuciya rẹ̀, òun ni ọkàn ẹ̀rọ yìí, òun ló ń mú kí àwòrán eré máa rìn dáadáa. Ẹ wò ó, ọmọ yín fa ìlà sí i."

"Kò sí ọlọ́jà tí kì í sọ pé ohun tó wọ́n jù ni ọkàn ọjà. Ọmọbìnrin ni, Ìdrís. Ìwé ni kó fi kà. Eré á sú u tó bá yá."

Bùnmi, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ìdrís pe ọlọ́jà náà ní Kaduna, ó gbé fóònù fún mi. Mo ná ọjà bí mo ṣe máa ń ná an ní Sabon Gari. Mo ní kó yọ káàdì, mo sì tún ní kó fún mi ní gyara, torí pé èmi kì í kúrò níwájú ọlọ́jà láìgba èènì. Ó ní òun á fi báàgì àti máòsì kún un. Ó gbà kíákíá. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́jà tó mi, ó yẹ kí ìyára yẹn ta mí lólobó: ọlọ́jà tí kò bá ọ jiyàn ti jèrè. Ṣùgbọ́n mo jáde ní káfé bí ẹni tó ja ìjà tó ṣẹ́gun. Mò ń fi aṣọ ilé-ìwé ṣírò iye tí mo gbà là, bí mo ṣe ń fi í ṣírò ohun gbogbo, mo sì ń sọ fún ara mi pé wo iye ṣẹ́ẹ̀tì tí mo bọ́ lọ́wọ́ rírán rẹ̀.

Fóònù wà lápò mi. Ilé-ìwé rẹ kò jìnnà. Mi ò bi ọ́ léèrè. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá fún mi, mi ò jẹ́ yí kọ́là rẹ̀ padà láìpè é. Ọmọ tí mo bí ni mo wá yí tirẹ̀ padà láìpè é.

O rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé. Màmá rẹ gbàdúrà lé e lórí, ó fi òróró kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, tí o ń pariwo pé, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó wọ inú ẹ̀!" Hauwa wá láti GRA, ẹ gbé eré yín sí i. Àwọn ọkadà bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn bíi tata. Títì já sí wẹ́wẹ́. Mo wá ara mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rí i: orí mi wà, ara mi kò sí.

Hauwa ní, "Haba Bùnmi, àcàbà yìí ń rìn bí èyí tí wọ́n ta ayédèrú epo fún."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo gbójú sókè, o ní, "Bàbá, ṣé wọ́n fi káàdì yẹn sí i?"

Mo ní, "Wọ́n fi báàgì sí i."

O gbé báàgì náà kọ́ èjìká, o yí po lójú wa, o ní, "Ẹ ṣeun, sà. Báàgì náà dára."

Apá tí o kò mọ̀ nìyí. Mo gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ náà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sọ́dọ̀ Ìdrís láti bi í bóyá a lè ra káàdì náà báyìí kí a fi sí i. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé irú ẹ̀rọ alágbèéká yẹn, bí wọ́n bá ti tò ó tán, ó tán nìyẹn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Baba, ẹ pẹ̀lẹ́." Mi ò sọ fún ọ pé mo lọ, torí bí mo bá sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí o máa rò pé owó ni kò tó.

Owó tó, Bùnmi. Kì bá rọrùn, ṣùgbọ́n ó tó.

O fi ẹ̀rọ náà tẹ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ. Hauwa wá ẹlòmíràn tí yóò máa ya àwòrán fún un. O kò bínú sí mi rí, ì bá sì sàn kí o bínú. Ohun tí mo rí dípò ìbínú ni pé ohunkóhun tí o bá fẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo ń kọ́kọ́ yọ ọkàn rẹ̀ kúrò kí o tó béèrè. Nígbà tí o kẹ́kọ̀ọ́ jáde, o ní kí a má fi férémù sí fọ́tò rẹ. Nígbà tí wọ́n pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, o ní bàtà ti àtijọ́ ṣì lè gbé ọ dé Abuja. Mò ń pè é ní ìwà rere. Mò ń fi ọ́ yangàn láàárín àwọn ará ìjọ pé Bùnmi kì í da bàbá rẹ̀ láàmú. Ọjọ́ Àìkú yìí, nígbà tí o fi ayọ̀ sọ fún mi pé o ti yọ káàdì náà kúrò, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìwà rere. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo fi báàgì kọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, Hauwa gbé aṣọ wá rán. Ó ní òun ń bẹ̀ ọ́ kí ẹ padà sídìí eré yín. Ó ní, "Baba, ẹni tí mo rí kò mọ ewúrẹ́ yà. Ewúrẹ́ rẹ̀ dà bí ajá tó ń ṣàìsàn." A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mi ò rí òwú kó sójú abẹ́rẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ọmọ mi, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkíní, dá káàdì náà padà sínú ẹ̀rọ tí o ní kí wọ́n tò jọ. Kí o tó ka ìyókù ìwé yìí, pè wọ́n. Ìyá mi máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ tajà ni. Mi ò ní kí o máa fi owó ṣòfò o, orúkọ mi kò tíì yí padà. Bí owó bá fẹ́ pọ̀ jù, gé e níbi tí gígé kò ti ní pa ẹ̀wù lára. Hauwa ní àwọn kan wà tí iná aláràbarà ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì wọn. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé Kérésìmesì ni? Yọ ìyẹn. Bí dísìkì bá tóbi ju èyí tí o lè fi iṣẹ́ rẹ kún lọ, dín in kù. Ṣùgbọ́n ohun tí o fa ìlà méjì sí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe èmi.

Èkejì, mi ò fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi. Ẹsẹ̀ mi ni jẹnẹrétọ̀ mi, kì í mu epo, kì í sì í pariwo bá aládùúgbò. Bí o bá rà á, màá tà á, màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, owó mọ́tò á sì ṣòfò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nípa àwọn ọlọ́jà náà fúnra wọn, ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi sínú ẹ̀rọ náà fún ọ, ní orúkọ ní orúkọ, kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá dé, má fọwọ́ sí ìwé ẹni tó gbé e wá títí o ó fi tàn án, tí o ó fi rí i pé ohun tí wọ́n kọ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Èyí tó jọ ọ́ la fi sí i," dá a padà. Èyí tó jọ ọ́ kì í ṣe òun. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ní ẹni tó lè tún un ṣe ní Nàìjíríà níbí bó bá bàjẹ́. Ọlọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣọ́ọ̀bù tí o lè lọ dúró síwájú rẹ̀ kí o fi igbe bọnu.

Ohun kan kù tí kò jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin kan yóò wá bá ọ pé òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Bí ó bá ń wo ohun tí o fẹ́ràn jù láyé yìí, tó sì ń béèrè pé èwo ló wọ́n jù níbẹ̀, rántí bàbá rẹ ní káfé Ìdrís, kí o sì ní kó máa lọ. Bí o bá sì bí ọmọ, tí ọmọ náà sọ ohun tó fẹ́ fún ọ, kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe kí o tó béèrè iye rẹ̀. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ ṣe é.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ. Ní Mọ̀pà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i kí bàbá mi bẹ ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Má bínú.

Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní báàgì bí èènì, ní kí wọ́n máa mú un dání. Èmi ni mo máa rán báàgì ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti dé, wọn gígùn rẹ̀, wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, kí o sì wọn ṣájà rẹ̀ náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Téèpù ni kí o fi wọ̀n ọ́n, má fi ìka. Má sì dín nǹkan kan kù níbẹ̀ nítorí pé o fẹ́ kí aṣọ mi tó.

Aṣọ ti wà nílẹ̀. Mo lọ ra làínì rẹ̀ ní Sabon Gari láàárọ̀ yìí, èyí tó nípọn jù tí wọ́n ní. Mi ò ná an.

Bàbá rẹ.